Ọdún Tí Máàkì Wọ Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ òyìnbó bíi mélòó kan ti wà nílé wa kí n tó gbọ́njú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé pẹ̀lú omi nínú, ṣíbí wọlé, wọn kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; a kàn fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ igbá àti ìpọnmi tiwa, ó parí. Èyí tó wọlé tó sì sọ ara rẹ̀ di ọmọ onílé ni máàkì. Kò ṣeé gbé rù, kò ṣeé fi bu ọbẹ̀, síbẹ̀ láàárín oṣù méjì, kò sí ohun tí a kò fi í ṣe. Bí ẹ bá rí mi lónìí tí mò ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní máàkì, tí wọ́n ń wojú mi bí ẹran tó rí ọ̀bẹ, ẹ má rò pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àgbàlá ilé bàbá mi ní Ìwó ni, láàárín ewúrẹ́, epo pupa, ògiri amọ̀, àti ìyá àgbà kan tí kò sọ òyìnbó rí títí ó fi kú.

Ẹni tó gbé e wá ni àbúrò bàbá mi. Láwàní ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé kì í pe ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ lórúkọ. Wọ́n á wo ìṣe rẹ̀ kí wọ́n tó wá nǹkan pè é. Wọ́n wo èyí títí, wọ́n ní Akọ̀wé, gbogbo ilé sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ó lo ọdún méjì nílé ìwé kan n'Ìbàdàn, ó sì padà dé pẹ̀lú sílétì tó ti là sí méjì. Ìdajì ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣeé kọ nǹkan sí. Ìdajì yẹn náà ló fi rí iṣẹ́ ní ibùdó rélùwéè, níbi tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń wọn ẹkùrọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà dúdú, kó fi kọ máàkì ẹni tó ni àpò sára àpò, kí ti lágbájá má baà bá ti tàmẹ̀dò lọ sí Èkó. Bí ó bá fi máa délé ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti dúdú dé ìgúnpá, ẹnu rẹ̀ náà á sì kún fún máàkì.

Ilé tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà bọ̀ kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìgbálẹ̀ ìyá mi ti ń dún ṣá, ṣá, ṣá káàkiri àgbàlá, tí àwọn ọmọ kéwú ilé kejì ti ń ké wàláà wọn bí oyin tí wọ́n fi igi tọ́, tí ọmọ ọlọ ń han lórí ata. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú orín lẹ́nu, á máa ki gbogbo ẹni tó bá kọjá ní oríkì, ó dájú pé á ki èmi náà tí mò ń yọ́ kọjá nítorí pé n kò tíì wẹ̀. "Àjọkẹ́," á wí, "omi ò bí ẹ nínú rí, kí ló dé tóò ń sá fún un?" Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni à ń jẹ láàárọ̀, iṣu tàbí àdàlú lọ́sàn-án, ohun tí a bá rí lálẹ́. Inú gbogbo ariwo àti èéfín yìí ni Akọ̀wé ti ń gbé máàkì kiri bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ewúrẹ́ ilé wa ní etí òsì tí wọ́n gé ṣóńṣó kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ wọ́n. Àwọn baba wa ti ń gé e bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, a kò sì fún un ní orúkọ kankan. Akọ̀wé ní máàkì ni. Ìlà tí ìyá mi fi èédú fà sídìí odó kí àwọn tó ń yá a má baà pààrọ̀ rẹ̀, máàkì ni. Àpá orúnkún mi níbi tí mo ti ṣubú lórí òkúta, máàkì ni. Ibi tí òjìji ògiri máa ń dé lórí ilẹ̀ tí Ìyá Àgbà á fi mọ̀ pé ìrun Àsárì ti tó, máàkì ni. Ibi tí àwa ọmọdé ń ti ẹsẹ̀ lé kí á tó fò, ẹ ti mọ ohun tó ní ó jẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó wá nawọ́ sí ojú ìyá mi. "Ìyá Àjọkẹ́, máàkì yín yìí mà dọ́gba o. Ẹni tó fún yín mọ iṣẹ́."

Ìyá mi kúnlẹ̀, nítorí ó bá a nílé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Akọ̀wé ọkọ mi, ilà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún lé lórí ni ẹ̀ ń pè ní máàkì? Ṣé àpò ẹkùrọ́ ni mí?"

"Ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n bá ti fi ń dá nǹkan mọ̀, òyìnbó ní máàkì ni."

"Òyìnbó fúnra rẹ̀ tí kò kọ nǹkan kan sójú ńkọ́? Kí ni ìyàwó rẹ̀ fi ń dá a mọ̀?"

Ìyá Àgbà yọ orín lẹ́nu. "Imú," ló wí, ó sì tún ki orín bọnu.

Èmi ni máàkì kọ́kọ́ mú nílé wa. Ìyá mi ní ìkòkò epo kan nídìí ààrò, mo sì fẹ́ràn kí n máa fi iṣu gbígbóná tọ́ epo náà wò nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò mí. Ó ṣàkíyèsí pé epo ń fà. Akọ̀wé gbà á nímọ̀ràn, ó sì fi ọ̀bẹ ha ìlà sínú ìkòkò náà níbi tí epo dé gan-an. Lọ́jọ́ tí mo tún fi iṣu kàn án, mo rí i pé epo ti sá kúrò lójú ìlà. Mo ronú, mo bu omi sí i títí ó fi padà débẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo wò ó, ó pé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń rìn bí ọlọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ karùn-ún ni ìyá mi ki ìpọnmi bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó da ohun tó bù sínú agbada tó gbóná, àfi pàrà, pàrà, bí ìbọn ọdẹ mẹ́wàá. Àkàrà fò, ìyá mi fò, adìẹ sá wọ yàrá. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Akọ̀wé ka pàṣán tí mo gbà, ó ní ó pé mẹ́fà, pé nílé ìwé tòun n'Ìbàdàn, ẹni tó bá gba mẹ́fà ti yege.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nìyẹn, ohun eré tí ó ń ti ẹnu dé ẹnu, títí òjò fi mú ilẹ̀ dáadáa tí Wólé-wólé sì dé àdúgbò wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ kákí tí wọ́n lọ̀ tó gan, ó dé akoto, ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Ìjọba ló rán an kó máa wo ìmọ́tótó ilé onílé. Bí àwọn obìnrin bá ti rí orí akoto náà ní ìkòríta ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àmù nù, tí ọ̀nà á kún fún odò. Nílé wa kò sí ẹni tó tètè rí i. Ó bu omi àmù sínú igbá, ó gbé e sí oòrùn, ó fi tanwíji tó ń jó nínú rẹ̀ han gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ni a kúkú ti mọ tanwíji tipẹ́. A máa ń rọra fẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí á tó mu omi ni. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ògiri ẹ̀yìn yàrá Ìyá Àgbà ti yọ ikùn síta, ó sì là láti abẹ́ àjà wá sí àárín. Wólé-wólé fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án, amọ̀ já lulẹ̀ gbì. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì funfun lápò, ó fa ìlà méjì gba inú ara wọn kọjá, ó tóbi tó ẹní àdúrà.

"Ta ló ń gbé yàrá yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi," Ìyá Àgbà wí. "Kú iṣẹ́ o."

"Ìyá, máàkì nìyí. Ògiri yín máa wó. Ẹ wó o kí n tó padà dé lóṣù tó ń bọ̀, kó má baà wó lù yín."

"Ó máa wó fúnra rẹ̀, kí n tún wó o? Kí ló dé tí a ò jẹ́ kó dá iṣẹ́ ara ẹ̀ ṣe?"

Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín. Wólé-wólé kò rín. "Òfin ni, Ìyá. Bí mo bá dé tó ṣì wà lóòró, kóòtù ló kàn."

Ohun tí kò mọ̀, tí gbogbo wa mọ̀, ni pé Ìyá Àgbà nìkan kọ́ ló ń gbé yàrá náà. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, wà níbẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀, láàárín yàrá. Nígbà tó kú, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló dé. Láàárín ojú oórì náà àti ògiri ẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà ń tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí. Láràárọ̀, kó tó ki ẹnikẹ́ni nínú wa, á ti kọ́kọ́ kí i, á sì ro ìròyìn fún un: ewúrẹ́ tó bí ìbejì, ìyàwó tó ń kanra, iye tí Àjọkẹ́ gbà nítorí epo. Èmi tí mò ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, mo sì lè jẹ́rìí pé kì í fi iyọ̀ sí i. Bí ó bá ṣe ṣẹlẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún un.

Bàbá mi pe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ìpàdé bá jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń jiyàn pé ògiri náà kò burú. Ìgbà ló burú. Ògiri amọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé nàró lọ́jọ́ kan. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ kó le kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e, gbogbo rẹ̀ sì di ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn wà tí àwọn ẹbí àti àna lè wá ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá wó ògiri nínú òjò, ó ti wó o dé ìgbà ọyẹ́ nìyẹn. Òrùlé á tẹ̀, òjò á sì máa rọ̀ lé Bàbá Àgbà lórí fún oṣù mẹ́rin.

"Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn," Ìyá Àgbà wí, "bí ẹ bá ní kí n fi ọwọ́ ara mi wó o, mo gbà. Ṣùgbọ́n òjò kò ní pa ọkọ mi lẹ́yìn tó ti kú tán."

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè ni mò ń rò," bàbá mi wí. "Ẹ bọ́ sí yàrá Ìyá Àjọkẹ́."

"Kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí n lọ máa sùn síbi tó gbẹ? Ṣé bí a ṣe fẹ́ ara wa nìyẹn?"

Akọ̀wé ní òun lè kọ ìwé sí ìjọba. Bàbá mi bi í bóyá ìdajì sílétì ni yóò fi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìpàdé parí sí, a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí a ti í fi irú rẹ̀ sílẹ̀, pé bóyá Wólé-wólé á gbàgbé.

Inú oṣù náà ni Iléyá bọ́ sí, òjò sì dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹni pé ó mọ̀. Bí ọdún bá ti ń bọ̀, àwọn ìyàwó ilé á pa ògiri. Wọ́n á lọ kó ìgbẹ́ màlúù ní gáà àwọn Fúlàní, wọ́n á gún ewé mọ́ ọn, wọ́n á fi omi pò ó di bọ́tọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á sára ògiri títí yóò fi dúdú, wọ́n á wá fi òkúta dídán ra á. Lọ́jọ́ kìíní ẹ ò ní fẹ́ dúró níbẹ̀. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ń rùn bí koríko tí oòrùn yan, ògiri á sì máa kọ mọ̀nà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pa ti ara rẹ̀ kó tó pa ti ìyá ọkọ, kò sì gbọdọ̀ fi ojú kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí àlejò ọdún bá dé, ògiri ìyá ọkọ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n á fi sọ ìyàwó. Ìyá mi mú apá òkè, ó ní kí n mú ìsàlẹ̀. A pa á kárí iwájú, a pa á kárí ẹ̀gbẹ́, a dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, máàkì rèé o," mo wí.

"Mo rí i."

"Ṣé ká fò ó?"

Ó dúró, bọ́tọ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí n pa ògiri ìyá ọkọ mi, kí n wá fi ojú kan sílẹ̀ láàárín ní funfun, bí orí ẹni tí onígbàjámọ̀ fá tì? Kí àwọn ará Olúpọ̀nnà tó ń bọ̀ wá kí wa lọ́dún ríhun rò délé? Àjọkẹ́, pa á jàre."

Mo pa á. Ìyá mi pa ti òkè, mo pa ti ìsàlẹ̀, ó sì gbé bọ́tọ̀ tó pọ̀ dí ojú ibi tó là, nítorí iṣẹ́ tó bá ṣe kì í fẹ́ kó ní àbùkù. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Mo ti ka ìwé tí àwọn ènìyàn ti ń sọ bí àwọn baba wa ṣe fi ọgbọ́n gbógun ti ìjọba òyìnbó, inú mi ì bá sì dùn kí n ní ìyá mi wà lára wọn. Kò sí níbẹ̀. Bí ọba òyìnbó fúnra rẹ̀ bá fara ti ògiri náà lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi á ní kó sún díẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìyá mi nìkan ló pa máàkì rẹ́. Nígbà tí Wólé-wólé padà dé pẹ̀lú akódà kóòtù kan lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kẹrin ọdún ni, gbogbo àdúgbò ń dán bí ẹyin dúdú tí adìẹ yé, bí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ bá wà. Ó rìn yí ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu ọ̀nà tó bá yà sí, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọdún o!" wọ́n á gbé ẹran díndín jáde. Ó dé ilé wa pẹ̀lú òógùn lójú.

"Níbo ni máàkì wà?" ló bi wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé nawọ́ ẹran díndín sí i.

"Máàkì ìjọba ni mò ń béèrè! Ta ló pa á rẹ́?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Èmi ni. Ọdún ló—"

"Èmi ni mo ní kó pa á," Ìyá Àgbà já a lẹ́nu, irọ́ sì ni, n kò sì gbọ́ kó parọ́ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Mo rò pé nítorí àbúrò mi jòjòló tí ìyá mi pọ̀n sẹ́yìn ni.

Akódà ní kí àwọn méjèèjì wá sí kóòtù lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo gbé àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn, Akọ̀wé sì tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kó lè wá ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Àwọn ìjòyè mẹ́ta ló jókòó ìdájọ́. Èyí tó jẹ́ àgbà wọn ń wúkọ́, á wúkọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn á sì dúró dè é. Wólé-wólé rojọ́ tirẹ̀ dáadáa, n kò lè parọ́ mọ́ ọn.

"Ògiri mélòó lo fi máàkì sí ní àdúgbò yẹn?" ìjòyè àgbà bi í.

"Mẹ́tàdínlógún, Olóyè."

"Mélòó lo padà bá?"

"Kò sí ìkankan, Olóyè."

"Tèmi wà nínú ẹ̀, àbí kò sí?"

Wólé-wólé wo ilẹ̀. "Ó wà níbẹ̀, Olóyè."

"Àwọn ìyàwó mi ló pa á. Ṣé kí n ti ara mi mọ́lé kí n tó dá ẹjọ́ tàwọn tó kù?" Ẹ̀rín bú kóòtù. Ó wúkọ́, ó dúró kí ẹ̀rín lọ. "Ohun tí ojú ò rí, n kò lè dájọ́ lé e lórí. Ẹnu onílé ló kù. Ìyá, ẹ dáhùn. Ṣé ọkùnrin yìí fi máàkì sí ògiri yín?"

Gbogbo wa gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Rárá kan ṣoṣo ni, a ó sì máa lọ sílé, ògiri á dúró, Bàbá Àgbà á wà níbi gbígbẹ. Akọ̀wé ń mi orí sí i láti ẹ̀yìn, ó ń mì í bí alángbá. Ìyá mi di etí aṣọ mi mú.

"Ó fi sí i, Olóyè," Ìyá Àgbà wí.

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ̀yìn ilé ló fi í sí. Ó tóbi, ó funfun. Mo lè sọ pé kò fi sí i, mo gbọ́ bí ẹ ṣe bi mí. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ mi wà nínú yàrá yẹn, mo sì ń ròyìn fún un láràárọ̀. Kí ni kí n sọ fún un lọ́la? Pé mo délé ẹjọ́, mo purọ́ nítorí ẹ̀? Kò gba irọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tó wà láàyè." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, ojú oórì, òjò, ìpele amọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sunkún. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà oko.

Ìjòyè àgbà yíjú sí Wólé-wólé. "Ìwọ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

"N kò mọ̀, Olóyè. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn náà kò mọ̀. Yóò wó."

Àwọn mẹ́ta fi orí kan orí. Wọ́n ní kí ògiri dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, kí á fi igi tì í láti ìta, ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà bi wọ́n bóyá òun lè máa wọlé láàárọ̀. Wọ́n ní kó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà kí i. Ó rò ó, ó ní etí ọkọ òun kò fi bẹ́ẹ̀ dára mọ́, ṣùgbọ́n òun á máa gbé ohùn sókè.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ó tẹ́ ẹní sí yàrá ìyá mi, bàbá mi àti Akọ̀wé fi igi mẹ́ta tó nípọn ti ògiri, láràárọ̀ ni Ìyá Àgbà sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tó ń kígbe ìròyìn wọlé, tí gbogbo agboolé fi wá ń mọ àṣírí ara wọn kí ẹ̀kọ tó gbóná. Ìyàwó tó bá ti kanra lálẹ́ á tètè jí lọ sódò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ni ọjọ́ náà. Òjò ti padà dé, a jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ìró rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó sì mí kanlẹ̀. Ògiri tí a fi igi tì láti ìta yí ẹ̀yìn padà fún àwọn igi náà, ó ṣubú sínú. Nígbà tí a débẹ̀, òkìtì amọ̀ tó ga tó mi ló jókòó sí ibi tí ẹní Ìyá Àgbà máa ń wà. Apá kan òrùlé ti tẹ̀, òjò sì ń rọ̀ wọlé tààrà. Ìyá mi sáré gbé ẹní, bàbá mi tú ilẹ̀kùn, Akọ̀wé kó àpò ẹkùrọ́ tó ṣófo tó kó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, olúwarẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. A tẹ́ gbogbo rẹ̀ bo ojú oórì, à ń kọlu ara wa, Ìyá Àgbà sì dúró nínú òjò, ó ń bá wa wí. "Ẹ rọra. Ẹ rọra, orí ẹ̀ ló wà níhìn-ín. Láwàní, gbé ẹsẹ̀ ẹ." Nígbà tí a ṣe tán, ó jókòó sórí amọ̀ tó wó náà. Kò dìde títí òjò fi dá. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, lọ́jọ́ yẹn a kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Wólé-wólé dé. Ẹnì kan ti sọ fún un. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ibi tí kò sí ògiri mọ́, ó sì dúró nínú yàrá náà. Àwa wà lágbàlá lódì kejì, à ń wò ó. À ń retí kó wí tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá jàre tó báyẹn, kí ló tún fẹ́ fi ìjàre ṣe bí kò bá fi yangàn? Ó wo òkìtì amọ̀ náà títí. Ó ṣí akoto.

"Ẹ kú ewu, Ìyá."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Máa bọ̀ wá jẹun."

Kò tíì bọ̀. "Níbo ni Bàbá wà?" ló bi í.

Ìyá Àgbà nawọ́ sí ibi tí a tẹ́ àwọn àpò sí. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tó gbẹ láti ibi tí Wólé-wólé dúró sí dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ibi tó kù nínú yàrá náà, ẹrẹ̀ ni. Wólé-wólé wò ó. Lẹ́yìn náà ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó gba ìdí ògiri tó kù, ẹrẹ̀ mu bàtà rẹ̀ dé kókósẹ̀, ó sì rìn bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, akoto lọ́wọ́, títí ó fi yọ sí wa lágbàlá.